Ẹni Tí Wọn Kì í Bú

Ọdún kejì rèé tí Titilia ti ń gbé ní Navatukula, kò sì tíì sí ẹnì kan tó bú u rí. Ẹ lè ní ṣé kì í ṣe ohun tó dáa nìyẹn ni. Ó dáa lójú ẹni tí kò mọ̀ wá. Ní abúlé wa, ẹnu kì í sinmi. Orí Isireli, baálẹ̀ wa, ti pá débi pé àwọn obìnrin máa ń ní kó bẹ̀rẹ̀ kí àwọn fi wojú. Bí oníwàásù wa bá ti ń gbàdúrà, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa sọ fún un pé kó rọra, Ọlọ́run ò dití. Bùbú Salanieta, ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú wa, eyín méjì péré ló kù sí i lẹ́nu, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì máa ń bi í bóyá àwọn méjèèjì ti parí ìjà. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. A ò lè fẹ́ràn èèyàn ká má bú u.

Ṣùgbọ́n bí Titilia bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ẹnu á tutù pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà."

"Ẹ jókòó sórí ẹní tó dáa yìí, Tíṣà. Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ti ya."

"Àwọn ọmọ ò yọ yín lẹ́nu jù, àbí, Tíṣà?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni o! Àwọn tó lè bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ ló ń kí i bí ẹni ń kí ìyàwó ààrẹ. Lóṣù àkọ́kọ́, inú rẹ̀ dùn sí i. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú u. Nígbà tó tún yá, ó ń dùn ún.

Ohun tó fà á kò fara sin. Bàbá tó bí bàbá ńlá rẹ̀, erékùṣù Solomoni ló ti wá, nígbà tí àwọn òyìnbó ń fi ọkọ̀ òkun kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá ṣiṣẹ́ lóko àgbọn wọn ní Fíjì. Kò padà sílé mọ́. Gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e, ibí ni wọ́n bí wọn sí, ibí ni wọ́n ń kú sí, èdè wa ni wọ́n ń sọ. Titilia fúnra rẹ̀ gbọ́ èdè wa ju Isireli lọ, ẹni tó máa ń wá ọ̀rọ̀ tì láàrin ìpàdé. Síbẹ̀, ará Solomoni là ń pè é. Ohun méjì la sì máa ń sọ nípa àwọn ará Solomoni. Èyí tí à ń sọ sókè ni pé wọ́n lágbára, wọ́n mọ orin kọ, wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Èyí tí à ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ mu tíì lọ́wọ́ wọn, wọ́n máa ń fi nǹkan sí i. Kí ni nǹkan ọ̀hún? Ẹ má bi mí. Nǹkan ṣáà ni.

Ká ní kì í ṣe ti Jolame ni, Titilia ì bá ti gbé e mì. Jolame, ọmọ-ọmọ Bùbú Salanieta, òun ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò àti ẹrù wá sí abúlé wa. Òun ló gbé Titilia wá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, láti ọjọ́ náà sì rèé, ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ti máa ń kú jù ni iwájú ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ ọmọbìnrin, eyín àbùùbùtán ni wọ́n ń gbé lọ sílé bàbá rẹ̀, eyín ńlá tó ti pọ́n bí epo nítorí ọjọ́ orí, tí wọ́n so okùn mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nílé wọn, inú àpótí Bùbú Salanieta ló sì wà, lábẹ́ aṣọ tó fẹ́ kí wọ́n fi sin òun. Bí Bùbú ò bá ṣí àpótí, kò sí ìgbéyàwó.

Ìgbàkígbà tí Jolame bá sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èsì kan náà ni Bùbú máa ń fún un.

"Tíṣà? Ọmọ dáadáa ni. Ọmọ gidi ni. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó."

Ọdún kan gbáko ni wọ́n ti ń wò ó.

Titilia náà ò káwọ́ lẹ́rán. Lójoojúmọ́, bí ilé ìwé bá ti parí, á se tíì ewé òroǹbó, á bu ú sí ife, á gbé e lọ bá Bùbú níbi tó ti ń hun ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Lójoojúmọ́, Bùbú á rẹ́rìn-ín sí i, eyín méjèèjì á yọ.

"Háà, Tíṣà, ẹ ṣeun o. Mo mà ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni."

Titilia á dúpẹ́, á gbé ife rẹ̀ padà. Gbogbo wa tí a wà nítòsí á máa wo ibòmíràn.

Ní àkókò yẹn, ó ń kàwé sí i lọ́dọ̀ yunifásítì kan ní Suva. Orí fóònù ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, lórí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé bó bá wù ú. Apá kan ẹ̀kọ́ náà dá lórí bí àwọn èèyàn ṣe máa ń fi ojú kan ṣoṣo wo odindi ẹ̀yà, àti ibi tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Olùkọ́ wọn ní kí oníkálukú mú ohun kan tí àwọn tó yí i ká gbà gbọ́ nípa ẹ̀yà mìíràn, kó máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló sọ ọ́ fún wọn, kó tọ ọ́ lọ títí tá á fi dé ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Titilia ò ronú jìnnà. Ó mú tíì.

Isireli ló kọ́kọ́ lọ bá. Ọkùnrin náà ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá, wọ́n ní àwọn ará Solomoni máa ń fi nǹkan sí tíì. Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Isireli. "Èmi kẹ̀? Ta ló ní mo sọ bẹ́ẹ̀? Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tiyín ò rí bẹ́ẹ̀ o! Tiyín yàtọ̀!"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ni, mi ò bínú. Ta ló sọ ọ́?"

Isireli fọwọ́ nu orí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Bùbú ni," ló wí jẹ́ẹ́, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Bùbú ń bọ̀.

Ó bi oníwàásù, oníwàásù ní ìyàwó òun ni. Ó bi ìyàwó oníwàásù, ìyẹn ní Bùbú ni. Ó bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pàápàá, àwọn yẹn ò tilẹ̀ fi bò, wọ́n pariwo lóhùn kan pé, "Bùbú ni!" Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ọ̀nà ti já sẹ́nu ìlẹ̀kùn kan náà. Titilia bá bu tíì sí ife, ó forí lé ibẹ̀.

"Háà, Tíṣà, ẹ ṣeun o. Mo mà ṣẹ̀ṣẹ̀..."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni. Mo mọ̀, Bùbú." Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó jókòó tì í. "Ìbéèrè ni mo bá wá. Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ má mu tíì lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa?"

Ẹlòmíì ì bá sẹ́. Bùbú Salanieta kì í sẹ́. Ó hun ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí ná.

"Ìyá tó bí ìyá mi ni. Nígbà yẹn, oko àgbọn òyìnbó wà ní òdìkejì odò tí ẹ ń wò yẹn, àwọn èèyàn yín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa kọrin. Orin yẹn dùn, Tíṣà! Àwa ọmọdé á fẹ́ sọdá lọ wò wọ́n. Ìyá àgbà á ní, ẹ dán an wò! Wọ́n á fún yín ní tíì, nǹkan wà nínú ẹ̀, ẹ ò ní padà wálé mọ́."

"Ṣé ẹnì kan mu tíì ọ̀hún, tí nǹkan wá ṣe é?"

"Ta ló jẹ́ sọdá? Ṣebí odò yẹn ti gbé ọmọ méjì lọ lọ́dún tó ṣáájú."

Titilia wo odò. Ó wo Bùbú. Ó dákẹ́, kí ìyá àgbà lè gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bùbú ò gbọ́ nǹkan kan. Ó fa ewé mìíràn yọ, ó ń hun ẹní rẹ̀ lọ.

"Ọmọ dáadáa ni yín, Tíṣà," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí tíì yín tutù."

Titilia gbé tíì rẹ̀ padà sílé. Ó mu ún fúnra rẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀ sínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e la fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun wa, àwọn ará Dakuniwai sì ń bọ̀ wá bá wa ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ eléyìí kí ẹ má bàa rò pé orí wa dàrú. Tauvu là ń pe ara wa, àwa àti wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló tẹ abúlé méjèèjì dó, wọ́n sì ń bú ara wọn títí wọ́n fi kú. Nítorí náà, bí ará Dakuniwai bá wọlé wa, ó lè gbé ìkòkò wa lọ, ó lè bú bàbá wa, ó lè pè wá ní wọ̀bìà níbi tó ti ń jẹ oúnjẹ wa. Ẹ̀rín la gbọ́dọ̀ rín, ká sì dá tirẹ̀ padà fún un. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Àwa la sì mọ̀ ọ́n bú jù, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn.

Nígbà tí Titilia bi wá, nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yẹn náà, pé irú èèyàn wo ni àwọn ará Dakuniwai, ojú gbogbo wa tàn. Wọ̀bìà ni wọ́n! Ọ̀lẹ ni wọ́n! Ṣe ni wọ́n ń sùn sínú ọkọ̀ kí ẹja lè fò wọlé bá wọn! Oníwàásù gan-an sọ tirẹ̀ kún un, ó tún padà wá kó lè fi òmíràn sí i. Nígbà tó wá bi wá nípa àwọn ará Solomoni, a wo ilẹ̀, a ní, "Èèyàn dáadáa ni wọ́n, Tíṣà." Ó sọ fún Jolame pé òun á fi gbogbo dáadáa yẹn pààrọ̀ èébú kan ṣoṣo. Jolame rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré o.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin wa ti dúró létí omi pẹ̀lú agolo pàúdà, bí ẹnì kan bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń da pàúdà sí i lórí, bí a ṣe ń yọ̀ mọ́ àlejò nílẹ̀ wa.

"Ẹ gbé ìkòkò pamọ́ o! Àwọn wọ̀bìà ti dé!"

"A gbọ́ pé ẹ kọ́ gbọ̀ngàn," làwọn yẹn ń pariwo padà, "la ṣe ní ká tètè wá wò ó kó tó wó!"

Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn ni Kaminieli, agbẹnusọ fún olóyè wọn. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, òun náà wá tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó mọ èèyàn bú tó ọkùnrin yìí ní gbogbo etí òkun wa, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora ọkàn ni, nítorí ará Dakuniwai ni.

A wọ inú gbọ̀ngàn tuntun, a tẹ́ ẹní. Wọ́n gbé ọpọ́n yàngónà, omi gbòǹgbò igi tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àlejò, síwájú, wọ́n pò ó, àwọn àgbà mu, àwa ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wọlé. Titilia wà lára wọn, ó gbé àwo ẹja. Bó ti dé ọ̀dọ̀ Kaminieli, bàbá náà na ọwọ́, ó fa orí ẹja tó tóbi jù yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ilé lè rí i.

"Ẹ wá wo ọmọ Navatukula yìí! Apá gígùn tó báyìí, ẹja kékeré tó báyìí! Ṣé ẹ ti jẹ àwọn tó tóbi tán ní kọ̀rọ̀ ni, ẹ̀yin ahun?"

Ọmọ Navatukula. Ẹnikẹ́ni ò pe Titilia bẹ́ẹ̀ rí. Ara rẹ̀ gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí, ẹnu rẹ̀ sì là kó tó mọ̀.

"Bàbá, ẹja ńlá ń bẹ! Ọkọ̀ yín ṣì wà lójú òkun tí a ti ń gbọ́ ariwo ikùn yín, la bá lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹja tó ṣẹ́kù nínú òkun, bí wọ́n ti gbọ́ pé Kaminieli ń bọ̀, wọ́n ti kó ọmọ wọn lọ sí Suva! Ẹ tún rọra sún díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, àlejò mìíì ṣì máa jókòó, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo yín ti gba ẹní tán!"

Háà! Ẹ̀rín bú gbàù. Àwọn ọmọdé tó ń yọjú lójú fèrèsé ṣubú lu ara wọn. Kaminieli fúnra rẹ̀ ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ni ọ̀dọ́kùnrin Dakuniwai kan bá fà á láṣọ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ dúró ná. Eléyìí kì í ṣe ọmọ ibí. Tíṣà wọn ni. Ará Solomoni ni."

Ẹ̀rín dá wáí. Kaminieli rọra gbé orí ẹja padà sínú àwo, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé," ló wí, ohùn rẹ̀ ti di ohùn agbẹnusọ, "ọmọ ta ni ọmọ yìí?"

Isireli wo oníwàásù, oníwàásù wo ẹní.

"Ìdí tí mo fi bèèrè ni pé ọ̀rọ̀ yìí pín sí méjì. Bó bá jẹ́ ọmọ yín, ẹbí mi ló bú mi. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì wá èyí tó burú ju ìyẹn lọ fún un. Bí kì í bá ṣe ọmọ yín, a jẹ́ pé àlejò kan ló bú ẹnu olóyè Dakuniwai nínú ilé yín, níwájú ọpọ́n yàngónà. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń gbé wá fún irú ìyẹn."

A mọ̀ ọ́n. Eyín àbùùbùtán ni, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Ti Isireli ti bá ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ. Èyí tó kù nítòsí ni ti inú àpótí Bùbú.

Isireli sún síwájú lórí eékún rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Lóòótọ́ ni, àlejò ni Tíṣà. Ọmọ dáadáa ni, kò mọ àṣà ni. A máa bẹ̀ yín..."

Àwo ẹja ṣì wà lọ́wọ́ Titilia. Àlejò. Òun tó ti nu imú gbogbo ọmọ abúlé yìí, tó mọ èyí tó ń tọ̀ sára àti èyí tó ń purọ́ mọ́ ẹlòmíì, àlejò. Kò mọ àṣà kẹ̀? Àṣà tó mọ̀ ló jẹ́ kó mọ ohun tó dé bá òun. Eyín tí Jolame fẹ́ gbé lọ sílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé jáde yìí, kí wọ́n lè fi tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀, kò sì sí òmíràn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ba tirẹ̀ jẹ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Jolame fẹ́ dìde, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ méjì fà á jókòó, nítorí ọ̀dọ́ kì í sọ̀rọ̀ nírú ibẹ̀.

"Bùbú," ni Isireli wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí àpótí."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bùbú Salanieta níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó wo Isireli. Ó wo Titilia, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wá wo Kaminieli, ẹni tó ti ká ọwọ́ lé ikùn tó ń dúró dè é. Mo lè fi Bíbélì búra pé igun ẹnu bàbá yẹn mì.

"Kí n ṣí àpótí," ni Bùbú wí. "Eyín ìyá mi. Kí n gbé e fún ta? Kí n kúnlẹ̀ fún ta? Fún àwọn ará Dakuniwai?"

"Bùbú, àṣà ni..."

"Panu mọ́, orí dígí! Ta ló sọ pé àlejò ni?"

"Bùbú, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ..."

"Mo ní ta ló sọ pé àlejò ni?" Ó ti di òpó mú, ó ti dìde. "Kaminieli, la etí ẹ dáadáa. Ọmọ wa ni! Wo ẹsẹ̀ ẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ta ló tún máa gba irú ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwa? Látìgbà tó ti dé ló ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa, kò jẹ́ kí oko sinmi! Mo yá a ní ìkòkò, ó jó o, ìkòkò tí mo fi tọ́ gbogbo ọmọ mi! Tó bá kọrin láàárọ̀, àkùkọ á fò sókè, á rò pé òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́! Wàhálà wa ni, àwa náà la ni ín, kò sí ará Dakuniwai tó máa bá wa pín in! Ohun tó sì sọ nípa ikùn ẹ, òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ ṣàánú ẹ. Èmi tí mo ti ń wo ikùn yẹn látìgbà tó ti wà ní kékeré, àánú ẹní tó wà lábẹ́ ẹ ló ń ṣe mí!"

Ilé dàrú. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n fi ṣí gbọ̀ngàn wa, kì í ṣe àdúrà oníwàásù. Kaminieli rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó já agolo pàúdà gbà lọ́wọ́ ìyàwó oníwàásù, ó sì dà á lé Titilia lórí títí ó fi tán.

"Ó parí! Níwájú ọpọ́n lẹ ti sọ ọ́, Ìyá, gbogbo wa la gbọ́, ẹ ò lè yí i padà mọ́! Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ọmọ Navatukula, gbé ẹja yẹn wá, ebi ń pa mí!"

Titilia ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, pàúdà àti omijé di ẹ̀kọ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn tó báyìí rí láyé rẹ̀. Ìgbà náà ni gbogbo wa wá rí i pé èébú ọdún méjì la ti kó jọ sínú. Ìyàwó oníwàásù ní àtìgbà tí òun ti ń wo bí Titilia ṣe ń di gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ọrùn ti ń ro òun. Isireli, tí ojú ń tì, wá ní bí Titilia bá kọ̀wé sójú pátákó, ṣe ni òun máa ń rò pé adìyẹ ló kọjá níbẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Titilia ń wí, "ẹ ṣeun," bí ẹni tí wọ́n ń fún lẹ́bùn. Kò sì sí ẹni tó tún pè é ní Tíṣà títí ọjọ́ fi rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, àwọn àlejò jókòó káàkiri orí ẹní níwájú ilé, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Bùbú Salanieta jókòó lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ojú rẹ̀ le koko.

"Ọkùnrin yẹn tàn mí," ló sọ fún Jolame. "Ó mọ̀ pé mi ò lè kúnlẹ̀ fún òun láéláé."

"Ṣé kí n lọ sọ fún un pé ẹ ti yí ọ̀rọ̀ yín padà, Bùbú?"

"Kó o lọ sọ fún ta? Lójú àwọn ará Dakuniwai? Orí ẹ ti dàrú!"

Titilia ń gbé kẹ́tùlù kiri, ó ń bu tíì ewé òroǹbó fún àwọn àlejò. Ó bu fún Kaminieli, ó bu fún Isireli, ìyẹn sì gbà á, ó mu ún kíá kí ojú má bàa tì í sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bùbú, ó tẹ orí ba fún un díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó kọjá lọ.

"Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ!"

Titilia dúró.

"Òpó ni mo jẹ́ tó o fi ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá?"

"Bùbú, mo rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni."

"Ọdún méjì ni mo ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán? Àgbá omi òjò ni mí? Bu wá."

Titilia bu ú kún ife. Bùbú fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, kò mu ún. Ó wo inú rẹ̀. Ó wá wo odò, àti òdìkejì níbi tí oko òyìnbó ti di igbó.

"Ìyá àgbà mi yẹn," ló wí, kò dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹnì kankan, "ó sọ fún wa pé ọmọbìnrin tó bá ń súfèé, ọ̀pọ̀lọ́ ló máa fi ṣe ọkọ. Mo súfèé, mo súfèé, bàbá àgbà Jolame ni mo fẹ́."

"Àwọn kan ní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, Bùbú," ni Jolame wí.

"Panu mọ́." Ó ṣì ń wo odò. "Omi yẹn ló ń bà á lẹ́rù. Omi ni, kì í ṣe tíì. Kí ló dé tí kò kàn ní ká ṣọ́ra fún omi?"

Titilia lè ní ṣebí mo ti bi yín. Kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù.

Bùbú di ojú mọ́rí, ó gbé ife sẹ́nu, ó bu tíì kún ẹnu. Ó fi í sẹ́nu títí. Kaminieli pàápàá ti na ọrùn. Ó gbé e mì. Gbogbo ojú rẹ̀ wá sún kì.

"Kò sí ṣúgà níbẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Bùbú gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ojú rẹ̀ là rekete. Ó wo Titilia, Titilia wò ó, ni eyín méjèèjì bá yọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ, ó di èjìká Titilia mú kó má bàa ṣubú, bó bá ti fẹ́ dákẹ́ á tún ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni," á tún bẹ̀rẹ̀. Titilia gbé orí lé e létan, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí.

Nígbà tó rọlẹ̀, Bùbú nu ojú, ó mu ìyókù tíì náà gbẹ, ó na ife padà fún Titilia kó tún bu òmíràn. Ó wá fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, ó jù ú sí Jolame.

"Lọ ṣí àpótí yẹn. Rọra gbé aṣọ ìsìnkú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó o bá ká a pọ̀ màá bú ẹ láti ọ̀run. Tó o bá sì ń bọ̀, mú ṣúgà dání."